Ẹ gbà mí o, wọn ò gba orúkọ màmá mi wọlé

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ilé o. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti lọ forúkọ màmá mi sílẹ̀ fún inṣọ́ránsì ìlera, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ní kò wọlé. Ọmọdébìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà ò tiẹ̀ gbójú sókè wò mí, ṣingọ́ọ̀mù ló ń jẹ. Oòrùn pa mí, owó kẹ̀kẹ́ tán lọ́wọ́ mi. Ìyàwó àbúrò mi wá fi fóònù forúkọ ìyá tiẹ̀ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá màmá jà. Kí ni kí n ṣe?

Bọ̀dá Kúnlé: Ṣé Màmá ní NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìjọba?

Àdùkẹ́: Ẹ̀yin náà lẹ pẹ́. Láti 2022 ni òfin ti sọ inṣọ́ránsì ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà.

Bàbá Tọ́pẹ́: Àdùkẹ́, dandan orí ìwé. Nígbà tí ètò yìí bẹ̀rẹ̀ ní 2005, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Àgbẹ̀ tí ò gba owó oṣù rí ńkọ́? Ọkọ́ ti jẹ ìka bàbá tèmi dán, ẹ̀rọ NIN ò rí nǹkan kan kà níbẹ̀. Ọ̀kadà lọ, ọ̀kadà bọ̀.

Àdùkẹ́: Ṣé èmi ni mo rán bàbá yín lóko ni?

Ìyá Ìbejì: NIN wà. Ọ̀dọ̀ mi l'Ékòó ni Màmá wà. Ẹ má bá mi wí, mò ń gbìyànjú.

Nọ́ọ̀sì Ṣadé: Ẹ̀gbọ́n, níbo ni Màmá wà tẹ́lẹ̀? Ṣé wọ́n ti gba káàdì kankan rí?

Ìyá Ìbejì: Abúlé ni, ìpínlẹ̀ míì. Oṣù tó kọjá ni mo mú wọn wá. Káàdì kan wà nínú ọ̀rá lábẹ́ ìrọ̀rí wọn o, àwọn kan ló wá kọ orúkọ àwọn arúgbó. Mo rò pé ti ìbò ni.

Nọ́ọ̀sì Ṣadé: Háà! Ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Ó jọ pé káàdì ìtọ́jú ọ̀fẹ́ àwọn aláìní ni, tí owó rẹ̀ ń wá látinú owó tí òfin ìlera 2014 yà sọ́tọ̀ fún ìlera alábọ́ọ́dé, ó kéré tán ìdá 1 nínú 100 owó ìjọba àpapọ̀. Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé wọ́ọ̀dù wọn ni káàdì yẹn wà fún, kì í bá wọn wọ mọ́tò wá Èkó. Bóyá NIN wọn ti wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ yẹn, tí orúkọ wọn ò fi wọlé l'Ékòó níbí. Ẹ mú káàdì náà lọ síbi tí ẹ ti ń forúkọ sílẹ̀, ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe máa yọ orúkọ Màmá kúrò lábẹ́ ìpínlẹ̀ yẹn.

Bọ̀dá Kúnlé: Ẹ mú NIN dání o.

Ìyá Ìbejì: Mo kà á sí Màmá létí. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan káàdì àwọn. Ta ló sọ pé Èkó làwọn fẹ́ máa gbé? Bí iṣu bá ti tó wà, ilé yá.

Bàbá Tọ́pẹ́: Ṣé oògùn wà ní ilé ìwòsàn abúlé yẹn?

Ìyá Ìbejì: Kò sí. Ohun tí mo fi mú wọn wá nìyẹn.