Físíò orí fóònù àbí ká lọ bá wọn ní ọsibítù? Ẹ̀yin tí òtútù àyà ti dá wó, kí lojú yín rí?

Ọmọ Ìgbógbó: Ẹ kú ilé o, ará Ìkòròdú. Òtútù àyà gbé màmá mi dé ọsibítù. Wọ́n ti dá wọn sílẹ̀, àmọ́ tí wọ́n bá rìn láti orí bẹ́ẹ̀dì dé balùwẹ̀, wọ́n á ti máa mí hẹlẹhẹlẹ. Dókítà ní kí wọ́n ṣe físíò ẹ̀dọ̀fóró, eré ìmárale tó ń mú kí èèyàn lè mí dáadáa, bóyá ká máa gbé wọn wá, bóyá orí fídíò WhatsApp. Èwo lẹ ṣe?

Ìyá Ṣọ́ọ̀bù: Ẹ má gbé wọn gba Mile 12 o jàre. Kí wọ́n tó débẹ̀, èémí tó kù á ti tán.

Tísà Òdógunyàn: Kòrónà ló ṣe èmi, lọ́dún 2021. Ọsibítù ni mo lọ. Wọ́n mú mi ṣe ìrìn ìṣẹ́jú 6 nínú kọ́rídọ̀, físíò ń wò mí, ẹ̀rọ tó ń wo ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ wà níka mi. Mo rò pé mò ń ṣe bẹbẹ, mo tiẹ̀ ń bá a ṣàwàdà. Ó wo ẹ̀rọ, ó ní, "Ẹ jókòó, sà." Ó ti já sí 86! Ara mi ò sọ nǹkan kan fún mi. Ká ní èmi nìkan ló wà nílé ńkọ́?

Abíọ́nà Ẹ̀bùté: Sà, ẹ̀rọ ìka yẹn wà lọ́dọ̀ àwọn kẹ́míìsì. Ẹ rà á sílé.

Màmá Ìbejì: Ohun tí Tísà sọ yìí ṣẹlẹ̀ sí èmi náà, orí fóònù sì ni. Kò sẹ́ni tó máa bá mi mú àwọn ọmọ. Físíò ní kí n gbé àga ti ògiri kó má baà yọ̀, kí n máa dìde kí n máa jókòó fún ìṣẹ́jú 1, láìfọwọ́ tì í. Ó ní tí ẹ̀rọ bá ti wálẹ̀ sí 88 kí n dúró. Ó dé 88 lóòótọ́. Ó wá ní kí n fi imú fà á, kí n ṣu ẹnu jọ bí ẹni fẹ́ súfèé, kí n rọra fẹ́ ẹ síta, kí fífẹ́ pẹ́ ju fífà lọ. Àwọn ìbejì ń wò mí. Báyìí, tí mo bá ń bínú sí wọn, wọn á ní, "Màmá, ẹ ṣu ẹnu."

Ìyá Ṣọ́ọ̀bù: Ẹ ṣu ẹnu 😂😂😂

Bàbá Agric: Tí nẹ́tíwọ̀kì bá wá ń ṣe ségesège ńkọ́? Ẹnu físíò á là sílẹ̀ gbàgà, ẹ ò ní mọ̀ bóyá "ẹ dúró" ló ń wí àbí "ẹ máa lọ".

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ìwádìí kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, REGAIN, ó jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ ní 2024. Wọ́n pín ènìyàn 585 tí Kòrónà ti gbé dé ọsibítù sí ọ̀nà méjì: àwọn kan ṣe ètò ọ̀sẹ̀ 8 lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n kàn gba àwọn tó kù nímọ̀ràn lẹ́ẹ̀kan. Ara àwọn tó ṣe ètò yẹn dá jù.

Tísà Òdógunyàn: Ìmọ̀ràn ni wọ́n fi wé e nígbà yẹn, mà. Wọn ò fi wé ti ojúkojú.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Òótọ́ lẹ sọ. Cochrane, àwọn tó máa ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ yẹ̀ wò, wo ìyẹn ní 2021, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ rí ìyàtọ̀, àmọ́ àwọn tó ní COPD, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ọlọ́jọ́ pípẹ́, ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ọmọ Ìgbógbó, tó bá jẹ́ èmi ni, màá kọ́kọ́ gbé màmá lọ kí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò dáadáa, kó tó di ti fóònù.

Sisí Sábó: Irọ́ ni ẹ̀rọ yẹn ń pa o. 79 ló kọ fún mi, mo sì ń jó lọ́wọ́!

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ṣé ẹ kun èékánná ni?

Sisí Sábó: Dúdú ni, mà.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ẹ nù ún kúrò kẹ́ ẹ tún un wò.

Sisí Sábó: Owó tí mo fi ṣe é ńkọ́?

Abíọ́nà Ẹ̀bùté: Ta ló tiẹ̀ ní dandan ni kí wọ́n gba Mile 12? Ọkọ̀ ojú omi ń ti Ìpákòdò lọ sí Falomo.

Bàbá Agric: Kí atẹ́gùn òkun máa fẹ́ sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní òtútù àyà?

Abíọ́nà Ẹ̀bùté: Ọ̀sà ni, kì í ṣe òkun. Èéfín dánfó ló dáa lójú tiyín?

Ọmọ Ìgbógbó: Mo ka gbogbo ẹ̀ sétí màmá. Wọ́n ní àwọn ò bá ẹnikẹ́ni wọ ọkọ̀ ojú omi.

Ìyá Ṣọ́ọ̀bù: Ẹ yáa lọ ra dátà.