Kò kú, ó dákú ni: èsì lórí "ojú aró ikú"

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Nínú ìjíròrò wa lórí bí a ṣe máa pe àwọn ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yorùbá, ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Oǹdó ní kí a máa pe búlúù sikirín (ojú búlúù tí Windows máa ń gbé jáde tó bá dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì, tí òyìnbó ń pè ní "blue screen of death") ní "ojú aró ikú", kí kernel panic (ìgbà tí kernel, ìyẹn ọkàn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bá ṣàdédé dúró) sì máa jẹ́ "ìjayà ẹ̀kùrọ́". Ẹnì kan ti fèsì pé ẹ̀rín ni aráyé máa fi ẹ̀kùrọ́ rín. Èmi gba ẹ̀kùrọ́ tọwọ́tẹsẹ̀. Ikú ni mi ò gbà.

Ní 2009, ọmọ àbúrò mi níbí ní Àkúrẹ́ gbé Leopard, ìyẹn Mac OS X 10.5, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà Mac ti Apple, sórí lápútọ́ọ̀pù tí kì í ṣe ti Apple. (Àdéhùn Apple kò fàyè gba irú rẹ̀. Mo sọ ọ́, kò gbọ́.) Àmì Apple yọ, lẹ́yìn náà ojú ẹ̀rọ di búlúù gbalaja, kò sí lẹ́tà kankan lórí rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀. Ó gbé e lọ bá ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ìyẹn wò ó fìrí, ó ní, "Búlúù sikirín nìyí, ó ti kú." Wọ́n fọ́máàtì rẹ̀. Iṣẹ́ sáà kan bá a lọ.

Ó tún gbé Leopard sí i, búlúù kan náà ló tún bá pàdé. Lọ́tẹ̀ yìí ó tẹ -v kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ sí jí, kó lè máa ka ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́lẹ̀. (Lórí Mac gidi nígbà náà, Command àti V lèèyàn máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀.) Ọ̀rọ̀ ń tú jáde wìrìwìrì, àfi ìgbà tó kan ibi tí ẹ̀rọ ti fẹ́ gbé àwòrán sójú. Ibẹ̀ ló há sí. Dísíìkì ò ṣe nǹkan kan, ẹ̀kùrọ́ ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ. Fáìlì kan tí kò bá káàdì àwòrán rẹ̀ mu ló dí ọ̀nà. Ó fi -x jí i, èyí tí ẹ̀rọ fi ń fi gbogbo ohun tí kò pọn dandan sílẹ̀, ó wọlé, ó yọ fáìlì náà kúrò nínú fódà Extensions, ó tan.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "kú", ló jẹ́ kí wọ́n nu iṣẹ́ ọmọ náà dànù.

Bẹ́ẹ̀ Yorùbá ti ní ohun tá a nílò: jí, há, dákú, kú. Mac tó ń wo èèyàn pẹ̀lú búlúù lásán, ó há ni. Kernel panic ní tiẹ̀, ìdákú ni. Láyé Leopard, tó bá ṣẹlẹ̀, nǹkan dúdú kan á rọra bo ojú ẹ̀rọ, á wá sọ fún ọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Jámánì àti Japan pé kí o tẹ bọ́tìnì iná mọ́lẹ̀ kí o sì tún un tàn. (Èdè tiwa ò sí níbẹ̀, ìdí tí a fi wà nínú ìjíròrò yìí nìyẹn.) Ẹni tó dákú là ń bu omi sí lójú, a kì í bu omi sójú òkú. Ẹ jẹ́ ká fi "kú" pamọ́ fún bọ́ọ̀dù tó jóná.

Ìjayà náà kò bá a mu. Ẹ̀kùrọ́ ò já láyà; ṣe ló mọ̀ọ́mọ̀ dúró kó má baà ba fáìlì jẹ́. Ẹ̀kùrọ́ fúnra rẹ̀ ń kọ́? Kernel tí òyìnbó ń pe ti kọ̀ǹpútà, òun náà ló ń pe èyí tí wọ́n ń pa nínú èèpo rẹ̀ lóko wa. Àwọn náà ò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀kùrọ́ sì ni alábàákú ẹ̀wà: tó bá dákú, kò sí ohun tó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ tí kò ní bá a dákú.

Ti aró wá ńkọ́? Ní 2025 Microsoft kéde pé dúdú ni ojú Windows 11 tó bá dákú yóò máa jẹ́ báyìí. Ẹni tó bá so orúkọ mọ́ àwọ̀ á tún orúkọ sọ. Àmọ́ aṣọ tó bá wọ aró dáadáa, kí là ń pè é? Dúdú kọ́? Nítorí náà ẹ̀gbọ́n lè jàre lọ́nà tí àwọn gan-an ò retí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó kọ "awakọ̀ àwòrán" fún driver, mọ́tò wo ló ń wà? Ohun tó dúró láàárín ẹ̀kùrọ́ àti káàdì, tó ń sọ èdè ọ̀kan fún èkejì, ògbufọ̀ ni. Ògbufọ̀ tí kò gbédè ló há lápútọ́ọ̀pù ọmọ wa mọ́lẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa mú "ojú aró" yín lọ. Ẹ ṣáà bá mi yọ "ikú" kúrò nídìí rẹ̀.