Ìfiyèpamọ́ ni, ẹ yọ àmì yẹn kúrò

Ẹ̀gbọ́n wa ní Ṣàgámù, mo kí yín o. Mo ti ka ọ̀rọ̀ tí ẹ ṣẹ̀dá fún hibernation, ìyẹn kí kọ̀ǹpútà kó gbogbo iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ pamọ́ sórí díìsìkì kó tó kú, "ìfìyèpamọ́", àti àlàyé yín pé bí ìgbín ṣe ń pa ẹnu dé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó ń pa ìyè rẹ̀ mọ́ de òjò, bẹ́ẹ̀ náà ni kọ̀ǹpútà ń ṣe. Mo dúpẹ́ pé ẹ gbà wá lọ́wọ́ "oorun ọ̀gìnnìtìn" tí àbúrò wa kan mú wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀gìnnìtìn wo ló ń mú ní Ìjẹ̀bú? Ọyẹ́ la mọ̀, ẹnikẹ́ni kì í sì í tìtorí ọyẹ́ sùn fún oṣù mẹ́ta. Àmọ́ nǹkan kan ń gún mi lójú nínú ọ̀rọ̀ tiyín: àmì ohùn ìsàlẹ̀ tí ẹ fi sórí "fì".

Fi ìyà jẹ ló di fìyà jẹ. Fi iyè sí ló di fiyè sí. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá ti kọ "fì", ìyè lẹ ń wí, ìyè tí Bíbélì pè ní àìnípẹ̀kun. Kọ̀ǹpútà tó bá ṣe hibernation ò ní ìyè kankan lára mọ́, ó ti kú pátápátá ni. Ẹ yọ bátìrì rẹ̀, ẹ gbé e sínú àpótí fún oṣù kan, kò ní í ṣe é ní nǹkan kan. Èyí tó kàn ń sùn, tí RAM rẹ̀, ibi tó ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí, ń mu iná díẹ̀díẹ̀, òun ló jọ ìgbín. Bí bátìrì bá tán, ó parí fún un. Iyè ni èyí tí à ń sọ máa ń fi pamọ́: gbogbo ohun tó wà nínú RAM ni Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ń kó sínú swap, àyè kan tí a yà sọ́tọ̀ lórí díìsìkì, kó tó kú. Iyè, bí a ṣe ń wí pé iyè mi ti ra.

Ìyá ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó, bí wọ́n bá wọ yàrá tí wọ́n gbàgbé ohun tí wọ́n wá mú, wọ́n á dúró, wọ́n á fọwọ́ kan iwájú orí: "Iyè mi dà?" N kò gbọ́ kí wọ́n béèrè ìyè rí, wọ́n mọ̀ pé àwọn wà láàyè. Oògùn ìsọ̀yè tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ iléèwé ńkọ́? Kí ó má gbàgbé ìwé ni, kì í ṣe kí ó má kú. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á bi mí pé kí ni ohùn ìsàlẹ̀ ń wá lórí "sọ̀" níbẹ̀. Ìjà mìíràn nìyẹn, mo ṣe tán fún un, kì í ṣe lónìí.

Ọdún 22 ni mo ti ń kọ́ ọmọ ní Yorùbá ní Ìjẹ̀bú-Òde. Linux ni mò ń lò, mo sì fi LUKS, ètò tí Linux fi ń ti díìsìkì pa, ti díìsìkì mi pa nítorí máàkì àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ìfiyèpamọ́ fi kọ̀ fún mi. Màá fi í pamọ́ lálẹ́. Bó bá di àárọ̀, á gba ọ̀rọ̀ aṣínà (password) lọ́wọ́ mi, á wá ṣí bí ẹni tí kò rí mi rí, kò ní í sí fáìlì kan tí mo ṣí sílẹ̀ lójú rẹ̀. Swap ló fà á. Nínú /etc/crypttab, fáìlì tó ń sọ bí a ó ṣe ṣí ohun tí a tì pa, /dev/urandom, ibi tí Linux ti ń fa nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀ tẹ́lẹ̀, ni ìlà ti swap ti ń gba kọ́kọ́rọ́: gbogbo ìgbà tó bá tàn, kọ́kọ́rọ́ tuntun ni, tàná ti dànù.

Ẹ wá wò ó. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, ojoojúmọ́ ló ń jí. Ìyè kò wọ́n ọn rí. Iyè ni kò bá a jí.

Mo gbé swap wọ inú LUKS kan náà tí ètò yòókù wà, mo fẹ̀ ẹ́ kó tó RAM mi, gígábáìtì 8. Mo kọ resume=, tó ń tọ́ka sí ibi tí swap wà, sí ìlà tí kernel, ọkàn Linux, ń kà bó bá ń tàn, mo sì ṣe update-initramfs -u, àṣẹ tó ń tún ètò kékeré tó kọ́kọ́ ń tàn ṣe, kí ó lè ṣílẹ̀kùn kó tó máa wá iyè kiri. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, iná lọ níbi tí mo ti ń kọ "ìṣẹ̀dá". Mo tẹ systemctl hibernate, àṣẹ ìfiyèpamọ́ fúnra rẹ̀, mo lọ sùn. Ní ìdájí, mo tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà. Ìlà tín-ín-rín yẹn ń ṣẹ́jú lẹ́yìn "ìṣẹ", níbi tí mo fi í sí gan-an, ó ń dúró de àmì tí n kò tíì fi sórí ẹ.

Ẹ tún ní àrokò ni ká máa pe encryption, ìyẹn fífi kọ́kọ́rọ́ ti ọ̀rọ̀ pa kí ẹlòmíì má lè kà á, torí pé ọmọ Ìjẹ̀bú mọ àrokò jù. Ìyẹn dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n n kò gbà. Ẹni tó rí owó ẹyọ mẹ́fà lórí okùn, ẹ̀fà, ọkàn mi fà sí ọ, tó bá ṣáà ti mọ àṣà, ó ti kà á nìyẹn. Kọ́kọ́rọ́ wo ló wà níbẹ̀? "Títìpa" tó mi. Bí ẹ̀yin ará Rẹ́mọ bá ní àrokò kan tó ní kọ́kọ́rọ́, ẹ mú un wá ká rí i.

Ní ti àkójọ ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń túmọ̀ ètò kọ̀ǹpútà sí Yorùbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi í ránṣẹ́ títí ẹ ó fi yọ àmì yẹn kúrò lórí "fì".