Ẹ gbà mí o, ẹ̀rọ fóòmù tí mo gbé pamọ́ láti 2022 kò fọ́n mọ́

Olùbéèrè, Adó-Ekìtì
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, mi ò sì rí ẹni bá sọ ọ́ nílé mọ́. Ní 2021 ni mo ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ́n fóòmù sára ògiri àti abẹ́ páànù kí ooru má bàa wọlé, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà. ₦3,500,000 ni, owó kọpuréétíìfù ìyàwó mi sì wà nínú rẹ̀. Àna mi ọkùnrin ló mú mi lọ sọ́dọ̀ ẹni tó tà á, òun náà ló ní a ó jọ máa ṣiṣẹ́. Ilé méjì péré la ṣe tó fi gba Àbújá lọ. Nígbà tí bàbá mi kú, kò yọjú síbi ìsìnkú, ₦10,000 ló fi ránṣẹ́. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe àna nìyẹn? Láti 2022 ni ẹ̀rọ yẹn ti wà ní ṣọ́ọ̀bù mi lọ́nà Ìyìn, mo fi tapólì bò ó.

Ní báyìí, ẹnì kan tó ń sin adìẹ ní Ìkéré ní kí n wá fọ́n yàrá tí òun fẹ́ máa kó adìẹ dídì sí. Ó ti san owó sílẹ̀. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń bá ẹ̀rọ yìí jà. Ó ń tàn, mọ́tò ń dún, ẹ̀gbẹ́ kan ń tú, ẹ̀gbẹ́ kejì kò tú nǹkan kan. Mẹkáníìkì gba ₦25,000 lọ́wọ́ mi, ó ní iná ni. Kí ni kí n ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi.

Ẹlẹ́rọ Ọ̀yẹ́
Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Kẹ́míkà méjì, A àti B, ló ń pàdé lẹ́nu ìbọn tí a fi ń fọ́n ọn kó tó di fóòmù. Ẹ̀gbẹ́ wo ni kò tú, A ni àbí B? Kí lẹ fi sínú rẹ̀ nígbà tí ẹ fẹ́ gbé e pamọ́? Ẹ dáhùn méjèèjì kí ẹ tó tún náwó.

Ọmọ Ìjerò
Iná ni o! 60 Hz ni iná Amẹ́ríkà, 50 Hz ni tiwa. Èmi ra ẹ̀rọ ìlọta ńlá kan láti ọ̀hún, oṣù kan péré ló lò. Àdúgbò wa, tó bá di alẹ́, iná ò ní ju 160 volts lọ. Ẹ lọ ra stabilizer.

Ẹlẹ́rọ Ọ̀yẹ́
Ká ní iná ni, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni kì bá tú. Mọ́tò kan náà ló ń ti púọ́ńpù méjèèjì nínú ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ yìí.

Ọmọ Ìjerò
Mo kàn sọ èyí tí ojú mi rí ni.

Ìyá Adìẹ
Àbúrò, ẹ dá owó olówó padà. Wọ́n fọ́n yàrá tèmi náà nígbà kan, A àti B kò dọ́gba lẹ́nu ìbọn, èmi ò sì mọ̀. Kò pé ọdún tí fóòmù bẹ̀rẹ̀ sí í súnkì kúrò lára ògiri, ó ń rùn bí ẹja tó ti bàjẹ́. Adìẹ tí mo pa fún ọdún Kérésì, iyàrá yẹn ò lè mú wọn dì. Mo sunkún. Ẹ má fi ẹ̀rọ tí kò pé dán ọjà ẹlòmíràn wò.

Olùbéèrè
Mà, owó yẹn ti bá owó ilé-ìwé lọ, mi ò rí i dá padà. Ẹlẹ́rọ, họ́ọ̀sì pupa ni kò tú. Ti búlúù ń tú dáadáa. Mi ò ṣe àìtọ́jú ẹ̀rọ mi o, tapólì méjì ni mo fi bò ó.

Ẹlẹ́rọ Ọ̀yẹ́
Pupa, A nìyẹn, kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní isocyanate. Òun àti omi ò jọ ń gbé. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ lásán tó o, ẹ sì mọ bí òjò Èkìtì ṣe ń rọ̀. Tí ọ̀rinrin bá ti kàn án, á di funfun bí iyọ̀, á le bí òkúta, á dí púọ́ńpù, asẹ́ àti họ́ọ̀sì. Tapólì ò lè dá a dúró. Tí ẹ bá fẹ́ gbé e pamọ́, ẹ ó fi òróró bíi DOP tí àwọn oníke ń lò ti A jáde pátá, ẹ ó sì fi òróró náà sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ó wà lọ́jà kẹ́míkà ní Ọjọ́tà. Ẹ tú asẹ́ ẹ̀gbẹ́ A kí ẹ wo inú rẹ̀. Ẹ ò sì gbọdọ̀ so họ́ọ̀sì pupa mọ́ ti búlúù láéláé.

Bàbá Wẹ́dà
Ẹ jẹ́ kó rọrùn. Ẹ fi iná gáàsì yọ́ họ́ọ̀sì yẹn díẹ̀díẹ̀, á là. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń fi iná yọ́ ohun tó bá dí.

Ẹlẹ́rọ Ọ̀yẹ́
Bàbá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, rárá o. Ohun tó ti dì yẹn kì í yọ́. Èéfín isocyanate tó gbóná ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ẹni tó bá ti mú ní ikọ́ fée, ìwọ̀nba rẹ̀ á tún máa gbé e dìde. Họ́ọ̀sì yẹn ń gba agbára tó tó 2,000 psi. Ibi tí iná bá ti jẹ ẹ́ ló máa bẹ́ sí ènìyàn lára.

Bàbá Wẹ́dà
Ẹ̀yin ọmọ ìwé yìí, kò sóhun tí ẹ ò ní fi dẹ́rù bani. Iṣẹ́ ọwọ́ la fi ń jẹun.

Ọmọ Ìjerò
Ẹ fi epo bẹntiróòlù ṣàn án nígbà náà.

Ẹlẹ́rọ Ọ̀yẹ́
Nínú ẹ̀rọ tó ní ohun ìgbóná nínú? Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tíì sọ ohun tí ẹ fi fọ̀ ọ́ ní 2022.

Olùbéèrè
Ẹ ń bi mí bí ẹni pé ọ̀lẹ ni mí. Mo fọ̀ ọ́! Omi gbígbóná àti ọṣẹ ni mo fi fọ̀ ọ́, bí a ṣe ń fọ ẹ̀rọ ọ̀dà. Àna mi tó yẹ kó kọ́ mi ti sá lọ, ta ni mo fẹ́ bi? Ní ọjọ́ Ajé pàápàá, mo bu omi díẹ̀ sí A tó ṣẹ́kù nínú dúrọ́ọ̀mù kó lè ṣàn, mo dé e pa nítorí òórùn. Láti àná ni orí dúrọ́ọ̀mù náà ti ń wú. Ṣé ìyẹn náà wà lára rẹ̀? Ọmọ iṣẹ́ mi méjì ló ń sùn ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, ọ̀kan ń wúkọ́.

Ẹlẹ́rọ Ọ̀yẹ́
Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ẹ̀rọ sílẹ̀. Ẹ kó àwọn ọmọ yẹn jáde NÍSINSÌNYÍ. A àti omi ń mú gáàsì carbon dioxide jáde nínú dúrọ́ọ̀mù tí ẹ dé, ó lè bẹ́. Ẹ má kàn án, ẹ má yí i, ẹ má gbé e sí oòrùn, ẹ má mú iná sún mọ́ ọn, ẹ má fi ọwọ́ ara yín ṣí i. Ẹ pe panápaná, kí ẹ sọ fún wọn pé isocyanate tí omi kàn ni. Ẹni tó ń wúkọ́, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ dárúkọ kẹ́míkà náà fún dókítà.

Ìyá Adìẹ
Jésù! Ẹ ṣe bí ó ti wí. Ẹ dá wa lóhùn.

Bàbá Wẹ́dà
Ẹ tètè kó àwọn ọmọ náà jáde. Ẹ fojú fo ọ̀rọ̀ iná tí mo sọ.

Ọmọ Ìjerò
Ẹ̀gbọ́n, ẹ wà ńbẹ̀?

Olùbéèrè
Ẹ má bínú, mi ò sí nítòsí fóònù. Panápaná wá. Wọ́n lé gbogbo wa jìnnà, ẹni tó wọ ìbòjú ló yọ ìdérí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, gáàsì inú rẹ̀ ń tú jáde fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ sí ìdérí pípa lórí rẹ̀ mọ́. Ọmọ náà ṣì wà nílé ìwòsàn, wọ́n ń fún un lóògùn tó ń fà símú, ó ti ń sùn dáadáa. Mo ti sọ fún oníadìẹ, mo sì máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Mo gé họ́ọ̀sì pupa wò. Ó dí láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, funfun bí iyọ̀.

Ẹlẹ́rọ Ọ̀yẹ́
Ẹ ṣeun tí ẹ dáhùn. Họ́ọ̀sì yẹn ti lọ. Púọ́ńpù A àti ìbọn ni kí a tú kí a mọ èyí tó ṣeé là, bí mo bá wá sí Adó, mo máa yà. Ẹ̀gbẹ́ B lè wúlò, ṣùgbọ́n ẹ má lo kẹ́míkà àtijọ́, A tàbí B. Ṣé ẹ ní ìwé ẹ̀rọ náà?

Olùbéèrè
Ọwọ́ àna mi ló wà. Mo pè é lálẹ́ àná, ìgbà àkọ́kọ́ láti ìsìnkú bàbá mi. Ó ya àwòrán ojú ewé tí wọ́n ti sọ bí a ṣe ń gbé e pamọ́, ó fi ránṣẹ́. Mo ń kà á lọ́wọ́.