Àwo, kásẹ́ẹ̀tì àti CD àtijọ́: èwo ni kí n kọ́kọ́ gbà sílẹ̀?

Olùbéèrè: Mo kí gbogbo yín o. Bàbá mi fi àpótí mẹ́ta sílẹ̀ fún mi: àwo ló kún ọ̀kan, kásẹ́ẹ̀tì ló kún ìkejì, CD tí òun fúnra rẹ̀ fi kọ̀ǹpútà kọ nígbà tí àwọn kásẹ́ẹ̀tì ń gbó ló sì wà nínú ìkẹta. Mo ti fọkàn balẹ̀ lórí àwọn CD, ṣùgbọ́n nínú mẹ́rin tí mo dán wò, méjì kò dún rárá, bẹ́ẹ̀ ni àwo tó jù mí lọ lọ́jọ́ orí ń dún ketekete. Èwo ni kí n kọ́kọ́ gbà sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, irú fáìlì wo ni kí n sì lò?

Ìdáhùn kìíní: Àwọn CD yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Èyí tí ilé iṣẹ́ ṣe, títẹ̀ ni wọ́n tẹ orin sí i lára, ṣùgbọ́n nínú èyí tí a kọ nílé, aró kan ni iná lésà ń jó láti fi orin sí i, aró náà a sì máa ṣá, pàápàá bí oòrùn bá ń pa á. Ti àwo kò le tó bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá ti lè tò ó ní ìdúró níbi tí kò ti sí ooru. Àfi èyí tó ń yí nígbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, tó ti wà kí LP, àwo tó ń rọra yí tó sì ń gba orin púpọ̀, tó jáde ní 1948: ilà rẹ̀ fẹ̀, abẹ́rẹ́ LP yóò kàn máa ha ìsàlẹ̀ ilà náà ni, ariwo ni ẹ ó sì gbọ́. Ẹ má fi sípíríìtì nù ún o! Ṣẹlákì ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn, yóò sì yọ́.

Ìdáhùn kejì: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí kásẹ́ẹ̀tì pẹ́ sí i. Tìmùtìmù kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ń ti téèpù mọ́ orí tó ń kà á. Mo rí ọ̀kan rí tó ń dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò, tí gbogbo wa ti gbà pé ó ti bàjẹ́, àṣé tìmùtìmù yẹn ló já. Mo gbé téèpù náà sínú ilé kásẹ́ẹ̀tì mìíràn, ohùn sì là. Kí ẹ tó gbà á sílẹ̀, ẹ yí i dé òpin kí ẹ sì dá a padà, kí ibi tó ti lẹ̀ mọ́ra lè tú.

Ní ti fáìlì, WAV tàbí FLAC ni, nítorí pé MP3 máa ń gé lára orin kí ó lè kéré, ohun tó bá sì gé kò ṣeé dá padà. Bí ẹ bá fẹ́ yọ ariwo kúrò, ara ẹ̀dà ni kí ẹ ti yọ ọ́; mo ti kábàámọ̀ èyí rí. Ẹ fi ẹ̀dà kan sí ilé mìíràn.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun púpọ̀. Ẹ̀rọ mìíràn ti ka ọ̀kan nínú CD méjèèjì. Ohùn bàbá mi ló ṣáájú orin kẹta, ó ń ka nọ́ńbà kásẹ́ẹ̀tì tó ti kọ ọ́. Kásẹ́ẹ̀tì yẹn ni mo ń wá báyìí.