Jim Reeves: èwo nínú àwọn àwo tí wọ́n tún gbé jáde yìí ni kí n rà fún bàbá mi?

ỌmọTísà_Kémta

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta o. Ẹ jọ̀ọ́, mo ń wá ẹni tó mọ̀ nípa orin òyìnbó àtijọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá mi máa pé ọgọ́rin ọdún lóṣù tó ń bọ̀, tísà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ẹ sì mọ àwọn tísà ayé ìgbà yẹn, Jim Reeves ni wọ́n ń jẹ ni wọ́n ń mu. Tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Sunday, Jim Reeves. Ọdún Kérésì, Jim Reeves. Àwọn àwo ńlá tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gbé yẹn wà lọ́wọ́ wọn di bí mo ṣe ń sọ yìí, àmọ́ ẹ̀rọ ti kú tipẹ́, òjò sì ti rin páálí àwọn kan.

Ni mo bá lọ ra síídì kan ní Kútọ̀, wọ́n kọ "Original" sí i lára gàdàgbà gadagba, orin inú ẹ̀ á tó ogójì. Mo gbé e sí i kí bàbá kọ́kọ́ gbọ́ ọ ná. Orin àkọ́kọ́ kọjá, wọn ò sọ nǹkan kan, ìkejì bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní "ta ló ń lu ìlù yìí?" Mo ní bàbá, Jim Reeves mà ni. Wọ́n ní àwọn ò sọ pé kì í ṣe Jim Reeves, ohùn ẹ̀ ni, àmọ́ àwọn tó wà lẹ́yìn ẹ̀ yẹn, àwọn ò mọ̀ wọ́n rí. Ni wọ́n bá dìde lọ sí gbàgede.

Ìbéèrè mi nìyí. Ṣé wọ́n ta ayédèrú fún mi ni? Mo wo orí íntánẹ́ẹ̀tì, mo rí oríṣiríṣi, àwo méjì nínú síídì kan, àwo mẹ́jọ nínú síídì mẹ́rin, èyí tí wọ́n fi ọ̀kẹ́strà sí, owó wọn ò sì sún mọ́ra rárá, èwo ni kò ní jẹ́ kí bàbá bá mi wí? Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni ọ̀kan tó jẹ́ pé orúkọ obìnrin ló kún inú ẹ̀. Ẹ tún bá mi dá sí èyí náà: ìyàwó mi ní Mona Lisa kì í ṣe orin Jim Reeves, mo ní irọ́ ni, a ti ń bá ọ̀rọ̀ yìí bọ̀ láti ọjọ́ Friday.

DJ_Pánsẹ́kẹ́

Bọ̀ọ̀dá, ẹ ṣí YouTube kẹ́ ẹ so fóònù mọ́ sípíkà, ó tán. Ta ló ń ra síídì láyé ìsìnyí? Ẹ ò tiẹ̀ ní ká gbé Àyìnlá Ọmọwúrà sí i fún bàbá, ọmọ Ẹ̀gbá pé ọgọ́rin ọdún ẹ fẹ́ gbé òyìnbó tó ń sunkún kọrin sí i fáwọn àlejò 😂

Alàgbà_Onídùùrù

Pánsẹ́kẹ́, Àyìnlá á dé tó bá di ìrọ̀lẹ́ tí ẹran ti délẹ̀. Ẹ jẹ́ ká dá ọmọ yìí lóhùn.

Ọmọ mi, etí bàbá ẹ ò tíì di. Ayédèrú kọ́ ni wọ́n tà fún ẹ lọ́nà tí o rò yẹn, ohùn ọkùnrin náà ni, ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n gbé ìlù tuntun lé e lórí lẹ́yìn tó ti kú. Oṣù Keje ọdún 1964 ló kú, òun fúnra ẹ̀ ló ń wa bàálù kékeré kan, òun àti Dean Manuel tó ń tẹ dùùrù fún un, ìjì òjò ká wọn mọ́ nítòsí Nashville, bàálù sì já. Ẹni ogójì ọdún ni. Téèpù ẹ̀ tó wà nílẹ̀ pọ̀, ayé ò sì tíì yéé béèrè orin ẹ̀, nítorí náà RCA, ilé iṣẹ́ tó ń gbé àwo ẹ̀ jáde, àti Mary ìyàwó ẹ̀ ń yọ ọ́ jáde díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún. Nígbà tó wá yá tí adùn orin yí padà lágbàáyé, wọ́n fa ohùn ẹ̀ yọ, wọ́n ní káwọn onígìtá àti onílù tuntun wá lù ú mọ́ ọn, àwọn tí kò bá a dé sítúdíò rí láyé wọn.

N kì í ṣe ẹni tó ń sọ pé gbogbo ẹ̀ ló burú o. Distant Drums tí gbogbo yín mọ̀ yẹn, ó kàn kọ ọ́ sílẹ̀ fún Cindy Walker tó ni orin náà ni, kì í ṣe pé ó fẹ́ gbé e jáde, lẹ́yìn ikú ẹ̀ ni wọ́n fi ọ̀kẹ́strà sí i, ó sì lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún ní ipò kìíní nílùú ọba ní 1966. Ìyẹn dáa, ẹni tó ṣe é fara balẹ̀. Èyí tó ń bí mi nínú ni ti 1981, tí wọ́n mú ohùn ẹ̀ tí wọ́n mú ohùn Patsy Cline, obìnrin olórin kan, tí wọ́n ran án pọ̀ bí ẹni pé wọ́n dúró tira wọn kọ ọ́. Wọn ò kọ ọ́ pọ̀ rí! Patsy náà kú nínú bàálù, ní oṣù Kẹta ọdún 1963. Òkú méjì ni wọ́n ní kí wọ́n máa dá ara wọn lóhùn orin ìfẹ́, ó sì tà wàrà-wàrà.

Ìdí tí bàbá ẹ fi tètè gbọ́ ọ ni mo fẹ́ kí ẹ yé. Nígbà tí Jim Reeves bẹ̀rẹ̀, ní ayé Mexican Joe àti Bimbo, òkè lọ́hùn-ún ló máa ń kọrin sí, ó máa ń pariwo bí àwọn olórin oko (country) wọn yòókù. Four Walls ní 1957 ló yí i padà, ó sún mọ́ máìkì débi pé ètè ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, ó sì rẹ ohùn wálẹ̀ pátápátá. Láti ìgbà náà lọ o lè gbọ́ ibi tó ti ń mí. Tí o bá gbọ́ He'll Have to Go dáadáa, ó dà bí ẹni pé ọkùnrin náà ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù lóòótọ́, kò sì sẹ́ni tó dí i lọ́wọ́, àwọn elégbè kàn ń hùn lẹ́yìn, dùùrù Floyd Cramer á sọ ọ̀kan, á dákẹ́. Tí o bá wá gbé ìlù gbì-gbì lé irú ohùn bẹ́ẹ̀, kí ló kù? Orúkọ ẹ̀ lára páálí.

Àwo olórúkọ obìnrin yẹn, Girls I Have Known ni, 1958. Mona Lisa, Charmaine, Margie, Ramona, Linda, Maria Elena, gbogbo wọn ni wọ́n jókòó síbẹ̀. Ìyàwó ẹ ló jàre o, lọ bẹ̀ ẹ́. Jay Livingston àti Ray Evans ló kọ Mona Lisa fún sinimá, Nat King Cole ló sì sọ ọ́ di ńlá ní 1950. Goodnight Irene tó wà nínú ẹ̀ tiẹ̀ tún jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹnu Lead Belly ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀ ní 1933, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tó wà lẹ́wọ̀n ní Louisiana nígbà náà. Orin àjogúnbá ni gbogbo wọn ń kọ. Èmi tí mò ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ Moonlight and Roses ẹ̀ ti 1964 ni mo bú sẹ́rìn-ín, nítorí orin dùùrù Edwin Lemare ni, Andantino tí ọ̀gá mi fi kọ́ mi, àwọn ará Amẹ́ríkà ló fi ọ̀rọ̀ ìfẹ́ sí i. N kì í tẹ̀ ẹ́ mọ́ nígbà ọrẹ, àwọn ìyá á máa rẹ́rìn-ín músẹ́.

ÌyáÌbejì_Àsẹ̀rò

Ẹ kú àlàyé sà, ẹ ṣeun gan-an. Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ tèmi, ẹ má bínú. Èmi tí wọ́n bí ní àádọ́rin-lé ní tèmi, Jim Reeves tí mo mọ̀ ni ti kásẹ́ẹ̀tì, èyí tí ìlù wà nínú ẹ̀ yẹn gan-an, bàbá wa máa ń gbé e sínú mọ́tò tí a bá ń lọ Èkó, láti Láfẹ́nwá títí dé Ṣàgámù a ti mọ gbogbo ẹ̀ sórí. Nígbà tí mo wá gbọ́ èyí tí ẹ̀ ń pè ní ojúlówó yìí lórí fóònù ọmọ mi, ó ṣófo létí mi, mo rò pé fóònù ló bàjẹ́ lápá kan. Ṣé kí n wá sọ pé ohun tí mo fi dàgbà kì í ṣe Jim Reeves ni? Orin tí mo sun sí, tí mo jí sí, tí màmá mi fi ń gúnyán, ojúlówó ni lọ́dọ̀ mi o jàre.

Ti bàbá yìí yàtọ̀ ṣá, torí wọ́n ti ní èyí tó ṣáájú létí. Ẹ ra ohun tí wọ́n mọ̀ fún wọn. Ẹ má sì gbàgbé orin ìsìn ẹ̀ o, This World Is Not My Home, ẹni ọgọ́rin ọdún á fẹ́ gbọ́ ìyẹn.

Ajé_Ìtòkú

Ìyá Ìbejì, ẹ ò ṣì sọ̀rọ̀, àmọ́ àwọn tó ń tà á ló yẹ kí wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé a ti fọwọ́ kàn án. "Original" lásán ò tó.

Ọmọ Tísà, èmi náà ń ra irú nǹkan yìí, aṣọ àdìrẹ ni mò ń tà àmọ́ orin ni mo fi ń jẹun. Ìdí tí o fi rí òkìtì àwo Jim Reeves olówó pọ́ọ́kú lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni òfin ilẹ̀ Yúróòpù. Tẹ́lẹ̀, àádọ́ta ọdún ni ẹ̀tọ́ ilé iṣẹ́ lórí ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ níbẹ̀, ní 2013 ni wọ́n fà á dé 70, àmọ́ àwọn èyí tó ti jáde kí 1963 tó wọlé ti bọ́ lọ́wọ́ wọn nígbà yẹn, wọn ò sì dá a padà. Torí náà ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀rọ níbẹ̀ lè tẹ Girls I Have Known, ó lè tẹ A Touch of Velvet, ó lè tẹ We Thank Thee tó jẹ́ ti ìsìn, 1962 ni méjèèjì ìkẹyìn yìí. Wàá rí i pé púpọ̀ nínú àwọn àwo-mẹ́jọ-nínú-síídì-mẹ́rin yẹn, 1962 ni wọ́n ti dá ẹsẹ̀ dúró, kì í ṣe pé wọ́n gbàgbé ìyókù. Tí bàbá bá fẹ́ Moonlight and Roses, wàá ní láti wá a lọ́tọ̀.

Ohun tó dáa nínú òfin yìí sì ni pé àwo tó ti jáde kí Jim Reeves tó kú nìkan ni wọ́n lè tẹ̀ báyẹn, àwo tó ti jáde kí ó tó kú ò sì lè ní ìlù òkú-ti-kú-kí-wọ́n-tó-lù-ú nínú. Ó tún sàn kí o ra olówó pọ́ọ́kú ju "Greatest Hits" oníwúrà lọ. Yí ẹ̀yìn ẹ̀ wò, tó bá to orúkọ àwo àtijọ́ àti ọdún wọn síbẹ̀, rà á. Tó bá jẹ́ orúkọ orin nìkan tí kò sí ọdún, fi sílẹ̀ fún wọn. Ẹni tó lówó á ra àpótí Bear Family ti Jámánì, Welcome to My World, síídì 16, 1994 ló jáde, àmọ́ owó ẹ̀ á ra ewúrẹ́ ìnáwó náà tán.

ỌmọTísà_Kémta

Ẹ ṣé o, ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ti bẹ ìyàwó mi, ó ní kí n fi Nat King Cole ra aṣọ fún òun, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìyẹn. Màá ra èyí tó ní Girls I Have Known àti We Thank Thee. Mo lọ wo àwọn àwo bàbá náà lánàá, márùn-ún ló ṣì yè, Girls I Have Known wà níbẹ̀, orúkọ bàbá wà lẹ́yìn páálí pẹ̀lú bírò búlúù àti "Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá a padà" lábẹ́ ẹ̀. Àmọ́ èèbu funfun kan ti hù sí ojú àwo náà yíká. Ṣé ó ti bàjẹ́ nìyẹn?

DJ_Pánsẹ́kẹ́

Ó tì o, èèbu lásán ni, fífọ̀ ló ń fẹ́. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ọṣẹ ìfọbọ́ ẹyọ díẹ̀ báyìí, kànrìnkàn tó rọ̀, ẹ máa nù ún yípo bí ilà ẹ̀ ṣe lọ, ẹ má nù ún ní ìbú. Bébà tó wà láàárín ẹ̀ yẹn, omi ò gbọdọ̀ débẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti fi omi tó mọ́ ṣàn án, ẹ gbé e dúró kó gbẹ, ẹ má sá a sóòrùn kó má ká. Ẹ̀rọ tó ń gbé àwo tó sì ní USB wà lọ́dọ̀ mi ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ gbé wọn wá lọ́jọ́ Tuesday, màá dà á sí fláàṣì fún yín, mi ò ní gbowó lórí ti bàbá. Ẹ kàn jẹ́ n wá lu Àyìnlá lọ́jọ́ náà.

Alàgbà_Onídùùrù

Pánsẹ́kẹ́, ti 1958 yẹn, tó bá jẹ́ mónò (ohùn kan ṣoṣo fún sípíkà méjèèjì), gbà á ní mónò, má jẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá ẹ "tún un ṣe". Ibi tó bá ń ha, jẹ́ kó máa ha.