Ìdáhùn lórí "ohun àkọ̀sílẹ̀": "ohun àpatì" ni mo fara mọ́

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni tó dábàá "ohun àkọ̀sílẹ̀" nínú ìwé atúmọ̀ wa fún "abandoned property", ìyẹn ẹrù tí ọlọ́pàá Amẹ́ríkà lè mú láìgba ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́, nítorí pé ẹni tó ni ín ti yọwọ́ nínú rẹ̀, ṣe iṣẹ́ gidi. Ṣùgbọ́n bí atẹ̀wé bá fo àmì ohùn kan péré, "àkọsílẹ̀" ló dà. Ilé ẹjọ́ kò sì lè ṣe láìsí àkọsílẹ̀. Ewu ńlá nìyẹn nínú ìwé òfin.

"Ohun àjùnù", tó jẹ́ àbá mìíràn, kò tilẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Iṣẹ́ ọwọ́ ni jíjù; ohun tí ẹni náà pinnu ni òfin ń wá. Nínú ẹjọ́ Smith v. Ohio, ní 1990, ọlọ́pàá pe ọkùnrin kan, ọkùnrin náà ju àpò bébà tó gbé dání sórí ọkọ̀ ara rẹ̀, ó sì gbìyànjú láti dáàbò bò ó nígbà tí ọlọ́pàá nawọ́ sí i. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní kò yọwọ́ nínú rẹ̀. Ó jù ú, kò pa á tì. Ti Abel, amí Soviet, yàtọ̀: ó ti kúrò ní hòtẹ́ẹ̀lì kí àwọn agbófinró tó yẹ agbọ̀n ìdọ̀tí yàrá rẹ̀ wò, ìdájọ́ 1960 sì gbè wọ́n. Àpatì pọ́ńbélé nìyẹn.

Ẹjọ́ California v. Greenwood ti 1988 ló le jù. Ọlọ́pàá Laguna Beach ní kí akólẹ̀kódọ̀tí ya àpò pàǹtí Greenwood sọ́tọ̀, kó kó o fún àwọn. Ilé ẹjọ́ ní ẹni tó gbé pàǹtí sí ẹ̀bá títì, níbi tí ajá, ọmọdé àti àwọn aṣàtàn lè tú u, kò lè retí àṣírí mọ́. Adájọ́ Brennan àti Marshall kò gbà. Èmi náà kò gbà. Akólẹ̀kódọ̀tí ni onílé gbé e kalẹ̀ fún, kì í ṣe ọlọ́pàá. Ilé ẹjọ́ New Jersey kò tẹ̀ lé ìdájọ́ yẹn fún ìpínlẹ̀ tirẹ̀ ní 1990, Iowa náà kọ̀ ọ́ ní 2021, nítorí pé òfin ìlú Clear Lake kò gbà kí ẹlòmíì kó pàǹtí onílé.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí "ohun àpatì" dúró fún ti Abel, kí "pàǹtí ẹ̀bá títì" ní àyè tirẹ̀ nínú ìwé atúmọ̀ wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó méjèèjì pọ̀.